Àáró Oòrùn ní Ìpáò

Kétu ni mo ti wá. Kì í ṣe Kétu Èkó o. Ọdún tí mo dé Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi ń jí, òun náà ni mo fi ń sùn. Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé ọmọ ibo ni mí, tí mo bá ti ní Kétu, á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Áà, ẹ̀yin ará Èkó!" N ó ní rárá, Kétu tiwa wà lódìkejì ààlà, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìlú ọlọ́ba, ìlú tó ti wà kí òyìnbó tó fa ilà sáàrin wa. Wọn á mi orí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọn á ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá yá, wọn á tún bi mí bóyá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ti dín kù lọ́dọ̀ wa.

Ká ní ìlú òyìnbó ni mo lọ ni, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àjèjì ni n ó jẹ́. Ṣùgbọ́n kéèyàn di àjèjì láàrin àwọn tó ń fi èdè ìyá rẹ̀ kí i, kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ìyẹn fún mi. Mo rò pé ilé ni mò ń lọ. Mo rò pé bí mo bá ti la ẹnu, tí wọ́n bá ti gbọ́ Yorùbá, ó parí náà nìyẹn.

Iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ló gbé mi wá. Ìmọ̀ nípa iná mànàmáná ni mo ń kọ́ni: bí a ṣe ń rí i lára oòrùn, lára omi àti lára pàǹtí oko, àti bí a ṣe ń lò ó láì fi ṣòfò. Ìdajì iṣẹ́ mi wà ní kíláàsì. Ìdajì kejì ni kí n jáde lọ bá àwọn ará ìlú àti àwọn tó ń ṣe òfin, kí n là á yé wọn, kí ìmọ̀ má baà jókòó sínú ọgbà yunifásítì bí ìyàwó tuntun tó ń tijú.

Ìdajì àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé láti kékeré. Mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àmọ́ bí mo bá dojú kọ pátákó tí mo ń ṣírò, Faransé ni ẹnu mi ń sáré bọ́ sí. Ẹnì kan á rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo wọn á wá bú sẹ́rìn-ín pa pọ̀. Lọ́jọ́ kan mo yípadà, mo ní, "Ó dáa. Ẹ bá mi ka nọ́ńbà ní Yorùbá." Wọ́n kà á títí dé ogún, wọ́n há. Èmi ni mo kà á dé igba fún wọn, èmi ará òkèèrè. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí mi láti ìta gbangba.

Ọjọ́ Ìsinmi ló le jù. Mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, orin tí a ń kọ nílé náà ni wọ́n ń kọ, èmi náà á gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n tí a bá ti ṣe ìbùkún tán, oníkálukú á mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọn á máa lọ jẹ uyán, bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀. Èmi á padà sí yàrá mi, n ó gbé ìkòkò kékeré kaná, n ó jẹun lójú fèrèsé. Àdájẹ kì í dùn, bí ọbẹ̀ ṣe lè dùn tó.

Àsìkò yẹn ni màmá mi máa ń pè láti Kétu.

"Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ níbẹ̀?"

"Màmá, èmi fúnra mi ni mo ń se é."

"Kí wá ni wọ́n ń fún ọ?"

"Iyì," ni mo máa ń sọ, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ará àdúgbò ń bi í pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo ń ṣe, kò sì mọ ohun tó lè sọ fún wọn. Mo ní mò ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè rí iná, kí wọ́n sì lò ó dáadáa.

"O kọjá ààlà," ló wí, "o lọ bá àwọn Èkìtì, àwọn tí ọ̀jọ̀gbọ́n pọ̀ nílé wọn bí ewúrẹ́, o ní o fẹ́ kọ́ wọn bí a ṣe ń tan iná?"

Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gún ọmọ ẹni lára, kí wọ́n lọ bá màmá mi.

Ó kúkú jọ pé òun àti àwọn ará Èkìtì ti jọ sọ ọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ètò lórí rédíò ní Adó, mo ti múra sílẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sílé ọkọ. Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń pa gílóòbù tí a kò lò, bí a ṣe lè mọ fìríìjì tó ń jẹ iná jù. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè wá láti Ìdó-Èkìtì, bàbá àgbàlagbà ni. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí bí ilé ṣe wà. Ó wá ní, "Olùkọ́, uná tí ẹ ní ká má fi ṣòfò yìí, níbo lẹ kó o sí, ká lè wá gbà á?" Ẹ̀rín pa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó jókòó tì mí, ó ní láti fi orin sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo dé inú mọ́tò, mo rò ó. Òótọ́ ni bàbá yẹn sọ. Ẹni tí kò rí nǹkan, kò sí bí a ṣe lè kọ́ ọ ní ìtọ́jú rẹ̀.

Ohun kan náà ni alága ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin sọ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ìwà tútù sọ tirẹ̀. Mo lọ bá wọn ní Adó, mo kó àwòrán lọ lóríṣiríṣi. Alága yìí, ọkùnrin sísanra tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọnọrébù, dijú láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Mo rò pé ó ti sùn. Bí mo ti parí, ó lajú, ó ní, "Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín dùn. Àmọ́ ibo ló ti ń ṣiṣẹ́, tí mo lè fi ojú ara mi rí?"

Mo ní, "Ìpáò, sà."

Ó ní, "A ó wá."

Ìpáò kò jìnnà sí Ìkọ̀lé, ìlú àgbẹ̀, ìlú kòkó. Yunifásítì àti àwọn ará ìlú ti jọ gbé sólà sí ilé ìwòsàn wọn, àwọn páńẹ́lì dúdú lórí òrùlé tó ń gba oòrùn, àti bátìrì nísàlẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ di alẹ́. Èrò wa ni pé ilé ìwòsàn ni yóò kọ́kọ́ lò ó, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ sí ẹ̀rọ ìlọta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù. Tí ohun tí Ọnọrébù bá rí níbẹ̀ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò fi irú rẹ̀ sínú ètò ìjọba fún ilé ìwòsàn àwọn ìlú mìíràn, Ayébọ̀dé, Ìlúpéjú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ pin. Ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tèmi so mọ́. Bí ètò yìí bá kú, mo mọ̀ pé n ó di ẹrù mi padà sí Kétu, màmá mi yóò sì mọ ohun tó máa sọ fún àwọn ará àdúgbò.

Kò ju bíi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí ní Ìpáò pè mí láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ kì í pariwo. Lọ́jọ́ náà, ó pariwo.

"Mádàmú, ẹ wá kó bátìrì yín! Mò ń gbẹ̀bí obìnrin kan lánàá, ilẹ̀ ò tíì ṣú tán, iná lọ fúú! Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ẹnu gbé kí n tó parí. Kí wá ni ìwúlò rẹ̀?"

Mo gun ọ̀kadà láti Ìkọ̀lé lọ síbẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ kankan kò bàjẹ́. Ìwà rere ló ń jẹ bátìrì. Ará Ìpáò kò lè rí ẹni tó tọrọ nǹkan kó ní kò sí. Aránṣọ wá, wọ́n ní kó fi àyọ́ọ̀nù rẹ̀ sí i. Onígbàjámọ̀ wá, wọ́n ní kó wá. Ẹnì kan gbé fìríìsà ẹja wá, torí pé àna rẹ̀ ń bọ̀, wọ́n bá a gbé e wọlé. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko láti ìlú mìíràn pàápàá ń dúró fi fóònù síbẹ̀, àwọn onílé á sì tún bu omi fún wọn mu. Bí oòrùn bá fi máa wọ̀, bátìrì ti gbẹ.

A pe ìpàdé síwájú ilé ìwòsàn. Mo gbé àwòrán mi kalẹ̀, mo fi ilà pupa, iná tí wọ́n ń lò, àti ilà aláwọ̀ ewé, èyí tí oòrùn ń mú wá, hàn wọ́n. Wọ́n gbọ́ mi, wọ́n kí mi, wọ́n ní olùkọ́ ti sọ̀rọ̀. Bàbá Olóyè, tó jẹ́ àgbà láàrin wọn, ló wá dìde.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá sí ulé ẹni, kò gbọdọ̀ padà lọ́wọ́ òfo. Bí wọ́n ṣe bí wa nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kí àlejò Ìpáò máa lọ sọ lójú ọ̀nà pé ahun ni wá?"

Gbogbo wọn hó yèè. Mo wo Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí Èkìtì le, wọ́n ti sọ fún mi kí n tó wá. Ohun tí wọn kò sọ fún mi ni pé oore wọn ló le jù.

Mo ká àwòrán mi. Mo rí bàbá mi lójú inú mi, lóko wa ní Kétu, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dúró ní ìlà, tí wọ́n ń kọ ebè. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì ń ṣe àáró níbí?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń mí. Obìnrin kan tó ni ẹ̀rọ ìlọta, Ìyá Bísí, ló dáhùn. "À ń ṣe é o. Oko mi ni wọ́n wà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Tí ẹ bá wà lóko yín, mà, tí ẹlòmíràn bá ní kí gbogbo wọn wá sí tòun lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

"Wèrè ni onítọ̀hún. Kò tíì kàn án!"

"Ahun wá ni yín?"

Ìyá Bísí yíjú wo òrùlé níbi tí páńẹ́lì wà. Mo ní oòrùn tó wà lókè yẹn, bí ẹgbẹ́ aláàáró ni. Agbára tó ní lójúmọ́ ní ìwọ̀n. Tí gbogbo wa bá fà á sóko ara wa lẹ́ẹ̀kan náà, ebè ẹnikẹ́ni ò ní parí, ti abiyamọ ni yóò sì kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ẹ̀yin ará, ariwo tó tẹ̀lé e! Mo fẹ́ràn ariwo náà ju àtẹ́wọ́ kankan tí wọ́n ti pa fún mi láyé. Wọn kò bá mi jiyàn mọ́, ara wọn ni wọ́n ń bá jiyàn. Ta ló máa lo àárọ̀? Ìlọta gbọ́dọ̀ gba ọ̀sán gangan, torí òun ló ń jẹ iná jù. Aránṣọ ní tòun tẹ̀lé e. Onígbàjámọ̀ ní Sátidé ò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun láéláé. Gbogbo ẹnu ló pa pọ̀ pé tí oòrùn bá ti wọ̀, tàbí tí òjò bá ṣú, ilé ìwòsàn nìkan ló kù. Wọ́n fi Ìyá Bísí ṣe ẹni tó máa máa pe ẹni tó kàn, torí pé ohùn rẹ̀ dé òpin ìlú. Bàbá Olóyè kò tako wọn, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun gbà.

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi lórí fóònù, ó ní, "Àáró? Àáró bàbá rẹ lo lọ fi ń kọ́ni ní yunifásítì?" Mo gbọ́ ọ tó ń sọ ọ́ fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí látìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ohùn ẹni tó ń fi ọmọ yangàn ni.

Mo máa ń rò ó, kí ló ń sọni di ará ibì kan? Mo ti rò pé èdè ni. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi ń gbìyànjú láti máa sọ ulé àti uṣẹ́ bíi tiwọn, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Kò sẹ́ni tó sọ mí di ará Ìpáò torí ìyẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rò pé mo ní ẹ̀tọ́ láti jókòó láàrin wọn ni ọjọ́ tí mo mú nǹkan tó jẹ́ ti bàbá mi wá, tí wọ́n sì rí i pé tiwọn náà ni.

Ọjọ́ tí àwọn aṣòfin máa wá, òjò ṣú láti kùtùkùtù. Inú mi bàjẹ́. Ọ̀run dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, oòrùn kankan kò yọjú. Ìwọ̀nba tó wà nínú bátìrì láti àná nìkan la ní. Nígbà tí mo dé Ìpáò pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ tí kò bá ṣiṣẹ́, mo sì ti mọ̀ pé kò sí àlàyé tí yóò wọ Ọnọrébù létí.

A kò tíì kí ara wa tán tí Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ fi jáde, ó nawọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Ẹ ò lè wọlé. Obìnrin kan ń rọbí."

Òjò sì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa sá sábẹ́ ìbòrí iwájú ilé ìwòsàn, àwọn aṣòfin, àwọn olóyè, àwọn obìnrin, èmi náà. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n òkùnkùn ti bo ojú ọ̀nà. Mo wo yíká. Ìlọta dákẹ́. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ dákẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí wọ́n pa nǹkan. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní iná, ti yàrá ìgbẹ̀bí, iná funfun tó dúró ṣinṣin.

Ọnọrébù wo fóònù rẹ̀, ó ṣe họ̀ọ́. Ó na fóònù náà pẹ̀lú wáyà rẹ̀ sí Ìyá Bísí. "Ìyá, ẹ bá mi fi sí iná díẹ̀. Wọ́n fẹ́ pè mí láti Adó, ó sì ti fẹ́ kú."

Ọ̀rọ̀ gbogbo wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù kan kò lè tán bátìrì, èmi gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo tún mọ̀ pé lẹ́yìn tirẹ̀, ti akọ̀wé rẹ̀ ló kàn, lẹ́yìn náà ti awakọ̀, àti gbogbo ará Ìpáò tó ti mú sùúrù láti àárọ̀.

Ìyá Bísí kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi òjò tó ń ta sí wa.

"Ọnọrébù, ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ kú ìrìn. Kò tíì kàn yín o. Uná tó kù, ti abiyamọ ni."

Akọ̀wé rẹ̀ wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rán an. Gbogbo ojú wá yí sí Bàbá Olóyè, ẹni tí àlejò kì í ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Bàbá wú ikọ́. Ó na ọwọ́ sápò agbádá rẹ̀, ó yọ fóònù tirẹ̀ jáde, ó fi ojú fóònù náà tó dúdú kirimu han Ọnọrébù.

"Tèmi ti kú láti àárọ̀, sà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ mú sùúrù."

Ọnọrébù wo fóònù bàbá, ó wo Ìyá Bísí tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. N kò lè ka ojú rẹ̀. Ibẹ̀ la wà, òjò ń lu páànù, nígbà tí ọmọ ké nínú ilé. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó mí, ó tún wá figbe bọnu bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Àwọn obìnrin sọ pé "Ẹ kú ewu!" lẹ́ẹ̀kan náà. Iná fèrèsé kò mì.

Mo sunkún. N kò fi pa mọ́, mo sì ń fi yangàn títí dòní. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ni mo ti kọ́ni, kò sí èyí tí mo tíì rí kó gbẹ̀bí rí.

Ọnọrébù tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa Ìyá Bísí dìde. Ó ká wáyà rẹ̀, ó ti fóònù bọ àpò, ó wá yíjú sí mi. Lọ́jọ́ yìí, ojú rẹ̀ là kedere.

"Olùkọ́," ó ní, "tó bá rí báyìí, ilé ìwòsàn Ayébọ̀dé ló kàn."